Ọwọ́ Aláró

Ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń wẹ òsì, òsì ni a fi ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Ta ni kò mọ òwe yìí? Ṣùgbọ́n ta ló mọ orísun rẹ̀? Àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ yóò fà á gùn. Èyí tí wọ́n ń sọ ní agboolé aláró tiwa kò gùn. Nísàlẹ̀ ìdodo obìnrin kan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣégilọlá ń rẹ aṣọ sí aró, Láníyọnu ọkọ rẹ̀ ń bá a fún aṣọ náà gbẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Àánú, wọ́n sì ń wá èkejì. Ìgbà náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ṣégilọlá. Àwọn ará ilé ní dídúró pẹ́ nídìí ìkòkò aró ló fà á. Ó mu àgbo fún oṣù mẹ́ta, inú rírun náà kò lọ. Ó kúkú fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá nọ́ọ̀sì.

Nọ́ọ̀sì náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó bi í bóyá nǹkan tó ń jáde lójú ara rẹ̀ ń rùn, bóyá ó ń dùn ún bí ọkọ bá bá a sùn, bóyá ara rẹ̀ ń gbóná. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Bó ti fọwọ́ kan ẹnu ilé-ọmọ báyìí, Ṣégilọlá gbá etí ibùsùn mú. Nọ́ọ̀sì ní àrùn ti wọ ilé-ọmọ, irú èyí tí tọkọtaya máa ń kó ran ara wọn. Ó fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó ní kó lò ó tán bí ìrora tilẹ̀ ti lọ, kí ọkọ rẹ̀ wá gba tirẹ̀, kí wọ́n má sì sùn pọ̀ títí àwọn méjèèjì yóò fi lò ó tán.

Láníyọnu kọ̀. Ó ní, “Ìyá Àánú, ìwọ ni inú ń run, èmi ni kí n gbé oògùn mì. Tó o bá lóyún, ṣé èmi náà ni màá rọbí?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣégilọlá lo tirẹ̀ tán, ara rẹ̀ yá. Kí oṣù méjì tó pé, ìrora ti padà. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn mìíràn, ó sì kìlọ̀ pé bó bá ń padà báyìí, ọ̀nà ọmọ lè dí pátápátá. Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣégilọlá ká ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá ìyá ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti lò ó tán, kò sì padà sí yàrá ọkọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n fún aṣọ tán, tí ọwọ́ àwọn méjèèjì dúdú fún aró, ó gbé ẹ̀kọ àti omi síwájú ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Àánú, ẹ fọ ọ̀tún nìkan kí ẹ máa jẹun. Òsì ò ní kan oúnjẹ.”

Láníyọnu fi òsì fọ ọ̀tún. Bó ti ń fọ̀ ọ́ ni aró òsì ń kùn ún.

“Èwo ni ọ̀tún nìkan? Báwo ni yóò ṣe mọ́ nígbà tí òsì ò mọ́?”

“Mo ti fọ tèmi lẹ́ẹ̀mejì,” ni Ṣégilọlá wí.

Láníyọnu wo ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó fọ méjèèjì, ó jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ bá nọ́ọ̀sì.

Ṣé Ṣégilọlá tún bímọ? Ó bímọ, ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní kò bí, ìrora náà kò padà mọ́. Ìyẹn nìkan ti tó.

Nítorí náà, bí ìṣòro kan bá so ẹni méjì pọ̀, tí ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀, tí èkejì ń wòran, àwọn àgbà á ní ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń wẹ òsì, òsì ni a fi ń wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ méjèèjì fi ń mọ́. Bí wọ́n bá pa òwe yìí fún ọ, má rẹ́rìn-ín. Dìde, lọ fọ tìrẹ.