Ààlè Tí Ọdẹ́wùnmí So Sí Igbó Ìwọ̀-Oòrùn

Ẹ̀yin olùfẹ́ mi, mo kí yín tọkàntọkàn. Ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá tí ó tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, tí ó sì fún gbogbo ẹ̀dá ní àyè níbẹ̀. Ẹ yá mi ní etí yín, kí ẹ gbọ́ ìrìn Ọdẹ́wùnmí, ọdẹ Ìdótun.

Ìlú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ dó ni Ìdótun, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Oko kò tó mọ́. Ọmọ ìyá méjì ti yọ àdá sí ara wọn nítorí poro kan. Ọba Adégorítẹ̀, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, pe Ọdẹ́wùnmí, ó ní: “Bàbá ọdẹ, kọrí sí ìwọ̀-oòrùn. Ibi gbogbo tí ẹsẹ̀ rẹ bá dé, so ààlè mọ́ ọn, kí ayé mọ̀ pé tiwa ni. Bí a kò bá rí ilẹ̀ kí òjò tó dé, àdá ni yóò tú ìlú yìí ká.”

Ọdẹ́wùnmí gbàdúrà, ó wọ igbó. Háà, ojú rẹ̀ rí nǹkan! Ó rí odò tí ń ṣàn lójú òfuurufú bí ọ̀já tí afẹ́fẹ́ gbé. Ó rí igi tí ewé rẹ̀ ń tàn bí àtùpà, tí àwọn ẹyẹ orí rẹ̀ ń kọrin bí ìjọ tí ó jọ dìde. Bí ẹnu ti ń yà á ni ọwọ́ rẹ̀ ń so màrìwò àti àkísà mọ́ igi dé igi.

Ó ń so ọ̀kan mọ́ ìrókò ńlá kan lọ́wọ́ nígbà tí àwọn iwin kéékèèké bú sẹ́rìn-ín lórí ẹ̀ka.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé bàbá yín ló gbin ìrókò yìí ni?”

“Ẹ wá àkàbà fún wọn, kí wọ́n lọ so ti oṣùpá!”

Lójijì, ilẹ̀ mì. Ìyá Onígbó yọ, ó ga bí òkè. Koríko tútù ni irun rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dàbí oòrùn méjì tí ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdẹ́wùnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ọmọ ènìyàn, ní ìlú yín, ta ní í so ààlè?”

“Ẹni tí ó ni nǹkan ni, Ìyá mi.”

“Ta ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún?”

“Olè ni.”

“Nínú èmi àti ìwọ ńkọ́, ta ni olè?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí omi tútù. “Èmi ni, Ìyá. Àlejò tí kò kí onílé ti sọ ara rẹ̀ di ìgárá.” Ó dìde, ó padà sẹ́yìn, ó ń tú ààlè náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku ẹyọ kan. Nígbà náà ni ó wá kúnlẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́, àtìpó ni kí ẹ gbà wá sí. Ebi fẹ́ sọ àwọn ọmọ wa di apànìyàn.”

Ìyá Onígbó rẹ́rìn-ín, ewé sì ń já bọ́ bí òjò. “Láti abẹ́ odò òfuurufú tí o rí yẹn dé òkè funfun tí ó wà níwájú, ẹ máa ro ó. Iṣu tuntun yín, ọ̀dọ̀ mi ni kí ó kọ́kọ́ dé. Ẹ má ré kọjá òkè náà o. Àwọn tí ó ni ibẹ̀ wà níbẹ̀.”

Nígbà tí Ọdẹ́wùnmí délé tí ó ròyìn, Ọba fajú ro. “Mo ní kí o gba igbó, o lọ ń tọrọ! Ṣé èmi ọba ni n ó máa san ìṣákọ́lẹ̀?”

“Kábíyèsí, ẹni tí ó tọrọ ẹní ń sùn, ẹni tí ó jí ẹní, ojú ló ń là títí ilẹ̀ fi mọ́.”

Ọba fi ìbínú ní kí wọ́n lọ ro ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣu tuntun jáde, òun fúnra rẹ̀ ṣí adé, ó gbé iṣu náà rù, ó sì ṣáájú ìlú lọ sí igbó.

Ẹ̀yin ará, kí a máa bèèrè kí a tó wọlé. Ilẹ̀ tí a fi ìrẹ̀lẹ̀ gbà kì í lé ọmọ ẹni. Ìwọ tí o ka ìtàn yìí, Olúwa yóò fi ọ́ sí ibi tí ó tẹ́jú, ibi tí o bá gbin irúgbìn sí yóò hù, ìwọ àti aládùúgbò rẹ yóò sì jọ jẹ nínú èso rẹ̀ ní àlàáfíà. Àṣẹ.