Ìbídùn àti Ẹrù Ìṣákọ́lẹ̀ Àgọ́ Ìdógbé

Àwọn ará Ìdógbé kì í ṣe onílẹ̀ ní Òkè-Àgbìgbò. Ogun ló gbé wọn débẹ̀. Nígbà tí ogun jó ìlú wọn di eérú, àwọn tó ṣẹ́kù, tí gbogbo wọn kò ju ogójì ilé lọ, ru ẹní àti ìkòkò, wọ́n sá wọ ìlú onílùú. Ọba Òkè-Àgbìgbò ṣàánú wọn, ó fún wọn nílẹ̀ lẹ́yìn odò, wọ́n sì tẹ̀dó síbẹ̀. Àgọ́ Ìdógbé ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ èdè wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin òkú wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ìwọ̀nba tó kù má baà fọ́n ká, wọ́n sì ń pàdé ní ìtàdógún-ìtàdógún lábẹ́ àtíbàbà kan. Olórí ẹgbẹ́ yìí ló ń ṣe agbẹnusọ wọn lọ́dọ̀ ọba.

Ohun kan ṣoṣo ni ọba bèèrè lọ́wọ́ wọn. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, wọn yóò san ìṣákọ́lẹ̀: apẹ̀rẹ̀ iṣu kan àti agbè epo kan lórí rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ ni yóò fi orí ara rẹ̀ rù ú. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ni yóò gbé e rù ú ní etí odò, lójú ẹmẹsẹ̀ tí ọba bá rán wá, kí oòrùn tó kan àtàrí. Kì í ṣe pé iṣu wọ́n ọba. Iṣu kún abà rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń gbé ẹrù náà ru olórí wọn ló fẹ́ gbọ́ ìròyìn rẹ̀, kó lè mọ̀ pé àwọn tí òun fún nílẹ̀ ṣì wà ní ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá ti di àwátì lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ti padà sọ́wọ́ onílẹ̀ nìyẹn.

Bàbá kan tó ń jẹ́ Ògúnrìndé ló ṣe olórí wọn fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ó kú, wọ́n sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó wá ku ẹni tí yóò bọ́ sí ipò rẹ̀. Hmm! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di wàhálà.

Ládokùn, tó dàgbà jù nínú wọn, dìde nípàdé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò le mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì le dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀yin ará wa, ta ni yóò ṣe é?"

Àwọn tó ti ń wojú Ládokùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná ẹsẹ̀ wọn.

Ṣàngódèyí, géńdé àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ tóbi jù ní Àgọ́, ní, "Bàbá, bí kì í bá ṣe ti ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni, ǹ bá ṣe é." Ẹ̀yìn tó ń dùn ún yìí náà ló fi pọn ìyàwó tuntun jó ní ọjọ́ kẹta sẹ́yìn. Abẹ́kẹ́, tó ń ta aṣọ, ní ọmọ òun ṣì kéré. Ọmọ tó wí yìí ti hu irùngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni kálukú ṣe ń wí àwíjàre, tí ìpàdé fi tú ká lẹ́ẹ̀mẹrin láìsí olórí. Nígbà tó yá, ọba ránṣẹ́ sí wọn pé, "Bí n kò bá rí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ láàrin yín kí iṣu tuntun tó jáde, kí ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Nípàdé karùn-ún ni Ìbídùn dìde. Opó ni, iṣẹ́ epo ló ń ṣe, kì í sì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ," ló wí. "Ọkọ mi àti ọmọ mi méjì ló sùn sí ẹ̀yìnkùlé mi. Sàréè ìyá mi tí mo fi sílẹ̀ ní Ìdógbé, igbó ti bò ó. Mi ò lè sá fi òkú mi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá sí ẹni tí yóò ṣe é, èmi yóò ṣe é."

Áà! Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́! Wọ́n gbé e sókè, wọ́n kì í, wọ́n kì ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ohùn Ṣàngódèyí ló ròkè jù: "Ìyá, ẹ̀yìn yín la wà gbágbáágbá!" Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n wà, ẹ̀yìn náà sì jìnnà.

Láti ọjọ́ náà ni Ìbídùn kò ti nísinmi mọ́. Ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, ọ̀dọ̀ Ìbídùn. Ẹni tó bá ìyàwó rẹ̀ jà, ọ̀dọ̀ Ìbídùn. Ẹyìn ọ̀pẹ rẹ̀ ń jẹrà mọ́lẹ̀ nítorí kò ráyè fọ epo. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, àtíbàbà ìpàdé ń jò, ó pe ọ̀wẹ̀, gbogbo wọn dáhùn pé àwọn á wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò rí ẹyọ ẹnì kan. Ó dúró títí, ó sú u, ó di koríko bẹẹrẹ mọ́yàá, ó gun òrùlé lọ fúnra rẹ̀. Igi àjà tó ti jẹrà dá mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó já bọ́, apá òsì rẹ̀ sì kán.

Wọ́n kẹ́dùn o! A ò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n gbé ẹja wá, wọ́n kí i títí ilé kò gba èrò mọ́. "Èmi rò pé àwọn ará ọ̀dọ̀ Ládokùn ti lọ bá yín ni," ni Abẹ́kẹ́ wí. Àwọn ará ọ̀dọ̀ Ládokùn náà ní àwọn rò pé Ṣàngódèyí wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tí yóò parí òrùlé. Atoegun to apá náà, ó dì í, ó jinná, ṣùgbọ́n kò lè gòkè kọjá ìbàdí mọ́ láéláé.

Nígbà tí ìṣákọ́lẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún, Ìbídùn na apá òsì náà jáde nípàdé kí gbogbo wọn lè rí i.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo ohun tó kù fún mi. Ta ni yóò gbé ẹrù rù mí?"

Ládokùn rẹ́rìn-ín. "Ìbídùn, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹni tó bá wà nítòsí ni. Bí a ṣe ń ṣe é láyé Ògúnrìndé nìyẹn."

"Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ dárúkọ ẹni méjì péré fún mi."

"Ká dárúkọ ẹni méjì? Àwọn tó kù á ní a fojú tín-ín-rín wọn nìyẹn. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìdógbé. Gbogbo wa ni!"

"Gbogbo wa ni!" ni wọ́n jọ dáhùn. Ìbídùn jókòó. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Òjò ti dá fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ wá wo iṣẹ́ ayé: àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ ìṣákọ́lẹ̀ gan-an ni òjò ńlá rọ̀. Bí ó ti dá, tí ilẹ̀ rọ̀ kẹ̀lẹ̀kẹ̀lẹ̀, àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn ló sọ sí kálukú lọ́kàn. Bí wọn kò bá gbìn ín lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ lè tún gbẹ. Ṣàngódèyí gbé ọkọ́, ó ní àwọn tó kù pọ̀ tó. Abẹ́kẹ́ tilẹ̀ pàdé Ìbídùn lọ́nà. Ó ní, "Ìyá, mò ń bọ̀ kíá o, kí n kàn gbin àgbàdo tó wà lọ́wọ́ mi yìí." Ilé kan tẹ̀ lé ilé kan, Ládokùn pàápàá tẹ ọ̀pá lọ, títí Àgọ́ fi ṣófo, tó ku arúgbó tí kò lè dìde àti àwọn ọmọ ọwọ́.

Ìbídùn fi igbá kó iṣu lọ sí etí odò díẹ̀díẹ̀. Ó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀, ó gbé agbè epo lé e, epo tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀. Ẹmẹsẹ̀ ọba ti dúró síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Àwọn ènìyàn yín dà?"

"Wọ́n ń bọ̀."

Oòrùn ń gòkè. Ìbídùn padà sínú Àgọ́, ó ké, "Ẹ̀yin ará ilé o! Ẹ gbà mí o!" Àgùntàn ló dá a lóhùn. Ó sáré padà sí etí odò.

"Ìyá, bí ó bá ṣe pé tèmi ni, ǹ bá ti gbé e rù yín," ni ẹmẹsẹ̀ wí. "Ọba yóò bi mí pé ọwọ́ ta ló gbé e. Mi ò lè purọ́ fún un."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Má ṣèyọnu."

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di etí apẹ̀rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ gun orúnkún. Ó fi àyà tì í, ó dé èjìká, ó yẹ̀, ó padà wálẹ̀. Ó mí, ó tún gbé e. Ó tún padà wálẹ̀. Oòrùn ku díẹ̀ kó kan àtàrí. Ó wá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó ní bóyá òun á lè dìde pẹ̀lú rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ dojú dé. Agbè fọ́, epo ṣàn sórí iyanrìn, iṣu ń yí wọ inú odò tó kún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbídùn nawọ́, ẹyọ iṣu kan ló rí dì mú.

Ẹmẹsẹ̀ ṣí fìlà rẹ̀. Ó sọdá odò lọ jíṣẹ́ ohun tó rí.

Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ará Àgọ́ dé, tẹrẹ̀tẹrẹ̀ ní ẹsẹ̀. Wọ́n bá Ìbídùn níbi tó jókòó sí, epo ní gbogbo aṣọ rẹ̀.

"Ta ló wà nítòsí?" ni Ládokùn bèèrè. Ṣàngódèyí wo Abẹ́kẹ́. Abẹ́kẹ́ wo Ṣàngódèyí. "Mo rò pé ìwọ..." "Èmi náà rò pé..." Ariwo sọ, wọ́n fẹ́ máa na ara wọn.

"Ẹ má jà," ni Ìbídùn wí. Kò sunkún, ìyẹn ló sì dùn wọ́n jù. "Ọwọ́ kan ni mo ní. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe ọwọ́ kejì."

Ọba kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Kí oṣù tó lé, àwọn ará Ìdógbé ti tú ká, méjì síhìn-ín, mẹ́ta sọ́hùn-ún, àwọn ọmọ wọn sì ń sọ èdè ẹni tó bá gbà wọ́n sílé. Àgbàdo tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lọ hù dáadáa, ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́. Ìbídùn ló kẹ́yìn nínú àwọn tó lọ. Ó gbá orí sàréè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ tónítóní, ó dágbére fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí ẹni tó rí i mọ́ lẹ́yìn náà.

Níbikíbi tí àwọn àgbà wọn bá wà, tí wọ́n bá gbọ́ tí àwùjọ kan fi olórí síwájú tí kálukú sì gba oko rẹ̀ lọ, wọn a máa mi orí, wọn a sì sọ ohun tí ojú Ìbídùn rí ní etí odò, èyí tó di òwe lẹ́nu gbogbo wa lónìí, pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.