Ọkùnrin Tí Ó Wó Ilé Alágbàlá

Láníhun, mo ti gbọ́ ohun tí o fẹ́ fi ilé bàbá rẹ ṣe. Jókòó díẹ̀ ná.

Ní ìlú ìyá mi, ọkùnrin kan wà tí bàbá rẹ̀ fi ilé alágbàlá sílẹ̀ fún. Ilé alámọ̀ ni. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru ọ̀sán kì í ráyè wọ inú yàrá. Gbogbo yàrá ló kọjú sí àgbàlá, òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára ló sì gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí i ká ró. Bí òjò bá ń rọ̀, inú àwọn ìkòkò tó wà láàárín ni omi òrùlé ń dà sí. Kò sí ẹni tí í jí nínú ilé náà tí àwọn yòókù kò ní fojú kàn án.

Ọkùnrin yìí pẹ́ ní òkè òkun. Nígbà tí ó dé, ilé náà tì í lójú. Ó ní òun yóò wó o.

Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, kọ́ tìrẹ síbòmíràn. Jẹ́ kí n lo ìyókù ayé mi níbi tí mo ti ń rí èèyàn."

Ó dáhùn pé, "Màmá, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ kọ́ ọ fún."

Ó wó o. Àwọn ẹbí fọ́n ká, oníkálukú wá yàrá gbà láàárín ìlú. Oníṣòwò kan kó àwọn òpó náà lọ, a kò sì mọ ibi tó gbé wọn gbà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onídígí ló dìde níbẹ̀, wọ́n sì fi ìyá sí yàrá kan lókè, tòun ti ẹ̀rọ amúlétutù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, iná lọ. Yàrá náà gbóná bí ààrò. Ìyá dìde láti ṣí fèrèsé, ó sì ṣubú. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú àwọn àlejò tó wá kí i kú oríire ilé, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé oúnjẹ lọ bá a, ó ti kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọkùnrin náà ní òun yóò tún àgbàlá náà mọ. Ó wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀ kiri. Bàbá arúgbó tó ń bá wọn tún ilé náà ṣe tẹ́lẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn bíríkìlà gbìyànjú. Ògiri tí wọ́n mọ wó nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé.

Ó ṣì ń dá gbé inú ilé onídígí yẹn.

Láníhun, ìwọ ni mò ń bá wí. Èmi kò ní kí o má kọ́lé. Bí búlọ́ọ̀kù ló wù ọ́, fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí àwọn yàrá rẹ kọjú síra wọn, kí ẹni tó bá ṣubú nínú ilé rẹ lè rí ẹni gbé e. Èyí tí bàbá rẹ fi sílẹ̀, tún un ṣe, kí o sì máa mú àwọn ọmọ rẹ wọ inú rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé èèyàn ló fi ọgbọ́n ṣe é. Mọlémọlé kan ṣoṣo ló kù ní àdúgbò wa tó mọ iṣẹ́ yìí. Ikọ́ ń ṣe é, mo sì rí i níjẹta, ó ti rù púpọ̀. Wá ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Má sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀.