Orúkọ Tí Ìbídùnní Kò Lè Pè

"Ẹni tó bá ké pe olóko kì í ṣe olè." Ní ìlú wa, tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá? Ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ wa, wọn á ní láti oko ni, pé àwọn baba ńlá wa ló fi sílẹ̀. Irọ́ gbuu! Inú kíláàsì ni òwe yìí ti jáde, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà lẹ́yìn òkè, níbi tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ìbídùnní. Ó ti wọ ilé ọkọ kí ó tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ bàbá tirẹ̀ ló fi wà nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, nítorí náà kò sí olùkọ́ tó mọ ilé tí ó ti ń ṣe ìyàwó. Ìyàwó tó mọ̀wàá hù sì ni. Ẹ kúkú mọ àṣà wa: ìyàwó ilé kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Àbúrò ọkọ tó ṣì ń ràkòrò pàápàá, ìnagijẹ ni ìyàwó yóò wá fún un: Akọ̀wé, Eyínfúnjowó, Ìbàdíàràn. Tó bá wá kan bàbá ọkọ, èèwọ̀ pátápátá ni. Míkáẹ́lì ni orúkọ bàbá ọkọ Ìbídùnní. Bí ó bá ń ka Bíbélì tí ó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ áńgẹ́lì náà, "áńgẹ́lì ńlá yẹn" ni yóò pè é, yóò sì máa bá ìwé kíkà rẹ̀ lọ.

Bàbá yìí, Míkáẹ́lì Ọdẹ́yẹmí, jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa àṣà àwọn àgbẹ̀ ìlú wa. Nígbà tí ó kan Ìbídùnní láti kọ iṣẹ́ àṣekágbá, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń ṣètọ́jú ara wọn láyé àtijọ́ ló yàn. Kò sí ìwé mìíràn tó sọ̀rọ̀ náà tó ti bàbá ọkọ rẹ̀, ó sì mú nínú rẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ náà dùn, ó gún régé. Àmọ́ nígbàkigbà tó bá kan kí ó kọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀. Báwo ni yóò ṣe kọ "Ọdẹ́yẹmí" gbalaja bẹ́ẹ̀, láìsí Bàbá, láìsí ẹ jọ̀ọ́? Ó bá ń kọ "àwọn àgbà sọ pé" káàkiri. Èmi ò fẹ́ràn "àwọn àgbà sọ pé" yìí rárá, kí n má parọ́. Àgbà wo? Ṣé wọn ò lórúkọ ni?

Ìyáàfin Olówòòkéré ni olùkọ́ wọn. Kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni tó lọ síwájú, ìyá yìí á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo kíláàsì, kí àṣìṣe ẹnì kan lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ìyókù. Ìbéèrè rẹ̀ kò pọ̀: Kí lo fẹ́ sọ? Kí lẹ̀rí rẹ? Ta ló sọ ọ́? Nígbà tó kan Ìbídùnní, ó kọ́kọ́ yìn ín pé ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ó ka síwájú díẹ̀, ó bá yọ awò ojú rẹ̀. Òun náà ti ka ìwé Bàbá Ọdẹ́yẹmí rí.

"Ìbídùnní, ta ló ni ọ̀rọ̀ yìí?"

"Bàbá kan ni, mà."

"Bàbá wo?"

Ìbídùnní kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, mi ò lè dárúkọ wọn."

"O ò lè dárúkọ wọn, àmọ́ o lè kó ọ̀rọ̀ wọn! Olè là ń pe ìyẹn níbí. Bí mi ò bá rí orúkọ olóhun láàárọ̀ ọ̀la, iwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni iṣẹ́ yìí ń lọ."

Ẹni tí ìgbìmọ̀ bá sì dá lẹ́bi olè ọ̀rọ̀, kò ní gba ìwé ẹ̀rí. Ìbídùnní ìbá ti sọ pé bàbá ọkọ òun ni, àmọ́ ó rò ó pé wọn á ní bàbá náà ló bá òun kọ gbogbo rẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀, ó gba ilé lọ.

Nígbà tó gbé oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ fún bàbá ọkọ rẹ̀, wọ́n rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n. Wọ́n ní kí ló dé. Ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí wọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé omi ń bọ́ lójú ọmọ, wọ́n ní kó jókòó.

"Ìyàwó mi, ibo lo tilẹ̀ mú nínú ìwé náà?"

"Ibi tí ẹ ti sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò tí ebi ń pa ni, Bàbá."

Ẹ̀rín tún pa wọ́n. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé bí ebi bá pa èèyàn lọ́nà oko láyé àtijọ́, ó lè wa iṣu kan nínú oko olóko, kí ó sun ún níbẹ̀, kí ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó lọ, yóò dúró lórí ebè, yóò ké pe olóko lórúkọ, kí àwọn tó wà nítòsí lè gbọ́ pé òun jẹ níbẹ̀. Ẹni tó ké, àlejò ni. Ẹni tó dákẹ́, olè ni.

"Orí ebè ọ̀hún gan-an lo dúró sí tó o dákẹ́!" ni Bàbá wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá wọ agbádá, wọ́n tẹ̀ lé ìyàwó wọn lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nígbà tí Ìyáàfin Olówòòkéré gbọ́ ẹni tí wọ́n jẹ́, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ìyá olùkọ́, ẹ dìde," ni Bàbá wí. "Ọmọ yín ò jalè, ọ̀wọ̀ ló dì í lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ sọ náà tọ́. Ẹni tó bá ké pe olóko ni kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ kó ké pè mí."

"Ẹ yọ̀ǹda fún un, sà?"

"Mo yọ̀ǹda tọkàntọkàn. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé oko òun ta?"

Ìbídùnní jókòó, ó fa igi lé gbogbo "àwọn àgbà sọ pé", ó kọ orúkọ Bàbá rọ́pò. Olùkọ́ ní kí ó kà á sókè fún kíláàsì. Ó kà á dé "Gẹ́gẹ́ bí," kò sì lè pe orúkọ tó kàn. Ó tún un kà, ibẹ̀ náà ló tún dúró sí. Àfi bí Bàbá ṣe dìde fùú lórí àga ẹ̀yìn: "Ọdẹ́yẹmí! Míkáẹ́lì Ọdẹ́yẹmí ló sọ bẹ́ẹ̀! Máa kà á lọ, ìyàwó mi!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ibẹ̀ lọ, bí Ìbídùnní bá ti dé ibi orúkọ náà, á kúnlẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì bá a ké e. Ìyáàfin Olówòòkéré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó fọwọ́ sí iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ọkàn Ìbídùnní wá balẹ̀, inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó sunkún.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ Bàbá délé, òun ló sì di òwe ìlú. Bí ẹnì kan bá gbé ọgbọ́n ẹlòmíràn wá sáàárín àwùjọ tó ń ṣe bí ẹni pé tirẹ̀ ni, àwọn àgbà á pa á fún un láti fi bá a wí. Wọ́n sì tún máa ń fi gba ẹni tí ẹ̀rù ń bà níyànjú, pé kò sí ìtìjú nínú kí a kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ wa iṣu náà, ẹ sun ún, ẹ jẹ ẹ́ yó. Kí ẹ tó kúrò lórí ebè, ẹ ké.