Omi Ilé Tí Àwọn Ará Àbòkun Gbé Lọ Sí Ọ̀dàn

Erékùṣù Àbòkun kéré débi pé bí aṣọ́lé wọn bá fi agbára gbá bọ́ọ̀lù, inú òkun ni wọ́n ti ń lọ wá a. Síbẹ̀, orílẹ̀-èdè ni wọ́n, wọ́n sì ní ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ikọ̀ náà kò dé ìdíje ife-ẹ̀yẹ ńlá rí, ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, bí wọ́n bá ti lè ta ọ̀mì lásán pẹ̀lú ikọ̀ Ọ̀dàn lókè òkun lọ́hùn-ún, wọ́n dé ibẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́mikàn ni aṣọ́lé wọn. Ewú ti yọ lórí rẹ̀. Bí èyí bá bọ́, kò tún sí òmíràn fún un mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa fura bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Láti ojúlé dé ojúlé ló ń kìlọ̀ pé, "Àwọn ará Ọ̀dàn máa fún wa ní májèlé jẹ. Ẹ ní mo wí bẹ́ẹ̀!"

Àṣà Àbòkun ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ń lọ sókè òkun nítorí ìlú, ilé kọ̀ọ̀kan á bu ife omi kan láti inú àmù rẹ̀ sínú àgbá kan ṣoṣo, kí arìnrìn-àjò lè máa mu omi ilé. Lẹ́mikàn ní omi yẹn nìkan ni àwọn máa mu, gàrí àti ẹja gbígbẹ tiwọn nìkan ni àwọn máa jẹ.

Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀dàn, ọkùnrin tó gbà wọ́n lálejò gbé ìrẹsì àti adìyẹ wá.

"Ta ló sè é?" Lẹ́mikàn bi í.

"Ìyàwó mi ni."

"Ó dáa. Kí ìyàwó yín máa jẹ ẹ́."

Lẹ́mikàn tún gbé ìrọ̀rí tí wọ́n fún un, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Òkunlọlá, balógun ikọ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Lẹ́mikàn, ṣé ìrọ̀rí náà fẹ́ gbé ọ mì ni?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, balógun."

Lọ́jọ́ ìdíje, wọ́n mu omi àgbá náà ní àmuyó. Ẹnìkan fajú ro pé ó korò. "Omi ilé ni, mu ún jàre!" ni Lẹ́mikàn wí.

Kò sí bọ́ọ̀lù tí kò mú lọ́jọ́ náà. Ìdíje fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, góòlù kankan kò tíì wọlé, nígbà tí inú rẹ̀ kùn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó fẹsẹ̀ kọ́ra. Ó wo iwájú, àwọn ẹlẹ́yìn tó ń dáàbò bò ó ti sá wọgbó. Ó mú un mọ́ra títí, kò ṣeé mú mọ́ra mọ́, ló bá kọjá lára rẹfirí, ó di inú igbó. Ọmọ Ọ̀dàn kan rọra ń yan, ó ti bọ́ọ̀lù sínú ilé tó ṣófo.

"Wọ́n ti fún wa jẹ!" Lẹ́mikàn ń pariwo nínú igbó.

Òkunlọlá lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kí la jẹ lọ́wọ́ wọn?"



Ní èbúté Àbòkun, ìyá rẹ̀ sáré pàdé rẹ̀. "Ọmọ mi, májèlé wọn ò ràn yín, àbí? Ewé asùnwọ̀n tó ń múni yàgbẹ́ ni mo gún sínú omi tèmi, kó lè fọ ohun burúkú kúrò nínú yín."

Aládùúgbò wọn, Ìyá Ṣégbọlá, lanu sílẹ̀. "Ìwọ náà fi sí i?"

"Ẹ̀yin méjèèjì náà kẹ̀?" bàbá kan bèèrè lẹ́yìn wọn.

Ni gbogbo èbúté bá ń wojú ara wọn. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń sọ ọ́ pé, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.