Imú Tí Ìyá Tẹ̀

Àwọn àgbà ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Ẹni tí kò bá mọ ìdí rẹ̀, kó gbọ́ ti Ìbídùn, aránṣọ kan ní Ìkìrun.

Ojú ìyá rẹ̀ ti fọ́. Imú ni ìyá fi ń dá àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ló fi omi gbígbóná tẹ imú wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Ìbídùn kò ro èyí nígbà tó lọ gba abẹ́rẹ́ tó ń mú imú ga.

Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ kò ti balẹ̀. Á wo dígí, á tẹ imú, á tún wo dígí. Imú náà le bí èkùrọ́. Obìnrin tó gún un lábẹ́rẹ́ náà sọ pé, “Àǹtí, ẹ ní sùúrù, tó bá di àmọ́dún á rọlẹ̀.” Ìbídùn sá fún ìyá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ìyá tó ránṣẹ́ pè é.

Nígbà tó dé, ìyá nawọ́ sí i lójú, ọwọ́ náà sì dúró lórí imú.

“Ta nìyí?”

“Èmi ni, Màámi.”

“Ohùn Ìbídùn nìyẹn. Imú ta lo gbé wá?”

Ìbídùn jẹ́wọ́. Ìyá ní, “Ojú mi lọ, o tún rán imú tẹ̀lé e. Jókòó, kó o máa sọ̀rọ̀, kí n lè mọ̀ pé ọmọ mi wà níbí.”

Ìbídùn sọ̀rọ̀ aṣọ, ó sọ̀rọ̀ òjò, títí ohùn rẹ̀ fi ha. Kò jẹ́ dákẹ́, nítorí bó bá ti dákẹ́, ọwọ́ ìyá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá imú tó tẹ̀ nígbà náà kiri lójú rẹ̀.