Òṣùká Méjì Lẹ́nu Bodè

Ikú kọ́ ni ó ń ba Ọdẹ́kúnlé lẹ́rù. Ohun tí Àwẹ̀ró aya rẹ̀ yóò máa jẹ lẹ́yìn òun ni ó ń rò. Ogójì ọdún ni ó fi hun aṣọ fún ààfin, lọ́dọọdún ni ọba sì ń fi díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ pamọ́ ní àgbàdo, sínú àká kan lẹ́yìn odi ìlú, de ọjọ́ ogbó. Kòkòrò kì í wọ àká ọba. Ọjọ́ ogbó dé. Ṣùgbọ́n ó lá àlá: Àwẹ̀ró ń gbá ilẹ̀ àká òfìfo, ó ń ṣa hóró lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ tó já.

Òun àti Ọ̀jẹ́lárí, ahunṣọ tí wọ́n jọ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, tọ Ẹfúnṣọlá lọ, arúgbó tó ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún wo ọ̀ràn létí odò. Ìkùukùu bo omi. Owó ẹyọ balẹ̀ láìdún, àfi bí ẹni pé orí òwú ni wọ́n bọ́ sí.

Ó ní: "Díẹ̀díẹ̀ ni ìrì ń kún ewé kókò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni àgbàrá ń gbé ebè lọ. Ìgbín méjì ni ẹbọ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, àti òṣùká méjì. Ẹ má kó àká wọlé lẹ́ẹ̀kan. Agbọ̀n kan lóṣù fún ọkọ, agbọ̀n kan fún aya, kí aya sì ru tirẹ̀ kọjá lórúkọ ara rẹ̀."

Orí ẹni tó ni ẹrù ni oníbodè ń kà, kì í ṣe orí alárù. Ẹni tó ru agbọ̀n kan, ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọ́n ń bù níbẹ̀. Ẹni tó kó ẹrù rẹpẹtẹ, oníṣòwò ni wọ́n ń pè é. Ìdajì ni yóò fi sílẹ̀.

Ọ̀jẹ́lárí rẹ́rìn-ín. "Ìyá, eyín mi ò ju mẹ́rin lọ mọ́, ẹ ní kí n máa dúró de oṣù! Kí ìyàwó mi sì máa dárúkọ ara rẹ̀ ní bodè bí opó? Ọmọ ọ̀tá mi ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rín rẹ dùn," ni Ẹfúnṣọlá wí. "Tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀."

Ojú ti Ọdẹ́kúnlé náà. Ṣùgbọ́n ó rántí àlá rẹ̀. Ó ra ìgbín, ó rúbọ, ó sì fi ìyókù òwú rẹ̀ ká òṣùká méjì.

Àwẹ̀ró gbé tirẹ̀ lé orí. "Ogójì ọdún lẹ ti ń hunṣọ fún orí ọba. Òní lẹ rántí tèmi."

Ogún alárù ni Ọ̀jẹ́lárí kó lọ sí àká tirẹ̀. Oníbodè gba ìdajì. Kòkòrò àti àwọn àna jẹ ìyókù nílé. Kí ọyẹ́ kejì tó dé, ó ti ń jókòó lẹ́nu bodè, ó ń wo orí ẹlòmíràn.

Ọdún méje ni Ọdẹ́kúnlé àti Àwẹ̀ró fi ń gba inú ìkùukùu kọjá lóṣooṣù, bí ènìyàn àti òjìji rẹ̀.

Àwẹ̀ró ni ó kọ́kọ́ lọ.

Nítorí pé wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀ ní bodè, ìpín rẹ̀ kò padà sí ààfin. Ọkọ rẹ̀ ni ó jogún un. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Ọdẹ́kúnlé to òṣùká méjèèjì léra lórí, ó sì ru agbọ̀n méjì dé bodè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, orí mélòó?" ni oníbodè bi í.

"Méjì."

Oníbodè wo òṣùká náà títí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún orí kọ̀ọ̀kan, ó ní kí bàbá padà wá gbé agbọ̀n kejì. Nínú agbọ̀n Àwẹ̀ró, Ọdẹ́kúnlé bù fún Ọ̀jẹ́lárí. Ọ̀jẹ́lárí gbà á. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó gbẹ́bọ tó rú u, àgbàdo rẹ̀ bá a dálẹ́. Ẹni tó fi í ṣẹ̀fẹ̀, ọwọ́ ẹlẹ́bọ ló padà ń wò.